Ẹ̀yin tí kọ̀ǹpútà yín ń da ẹ̀dà iṣẹ́ sórí NAS fúnra rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, kí lojú yín ti rí?

Awọnlẹ̀ Òkè-Ìlèwó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà la ní ní ọ́fíìsì, ilẹ̀ là ń wọ̀n, máàpù ló kún inú gbogbo wọn. Ọ̀gá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ra NAS, àpótí ìpamọ́ fáìlì tí gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì lè dé lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó ní hard disk méjì. Mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan máa da ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ sínú rẹ̀ lóru láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é ṣáájú wa, ẹ má fi ibi tí ẹ ti fẹsẹ̀ kọ pa mọ́ fún mi.

Ayàwòrán Kútọ̀
Tèmi ṣì ń dùn mí títí dòní. Mo ṣètò rẹ̀ ní 2023. Bí mo bá ti òde dé ní Sátidé, màá da àwòrán sínú kọ̀ǹpútà, tó bá di aago 2 òru, NAS á gba tirẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ débi pé mo gbàgbé pé ó wà. Àṣé lọ́jọ́ kan tí iná lọ tó sì dé, ráútà ti fún NAS ní nọ́ńbà IP (àdírẹ́sì rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) mìíràn, kọ̀ǹpútà sì ń kanlẹ̀kùn ilé tí ẹni tó ń wá ti kó kúrò nínú rẹ̀. Odidi oṣù mẹ́rin! Nǹkan kan ò pariwo. Ọjọ́ tí hard disk kọ̀ǹpútà kú ni mo tó mọ̀. Ìgbéyàwó mẹ́sàn-án ló bá a lọ.

Wọ́n ti gba áńbọ́ọ̀mù wọn, àmọ́ 60 àwòrán péré ló ń wọ áńbọ́ọ̀mù, nínú nǹkan bí 2,000 tí mo yà. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó náà padà wá. Ìyá rẹ̀ ti kú. Ó ní mo ya ìyá òun níbi tó ti ń jó wọlé, ìyẹn lòun fẹ́ kí n tẹ̀ tóbi fún ìsìnkú. Mo rántí àwòrán yẹn, mo rántí àwọ̀ gèlè màmá náà. Kò sí i mọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, kò bú mi, kò sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì Àsẹ̀rò
Yéè. Bí kò ṣe bú yín yẹn gan-an ló burú jù. Ṣé kò sẹ́ni tó fi fóònù yà á ni?

Ọmọ FUNAAB
Iná ńkọ́? Ní Camp níbí, iná kì í sábà sí ní aago 2 òru.

Ayàwòrán Kútọ̀
Àbúrò màmá náà ní fídíò kékeré kan. Mo lọ gbà á, mo yọ àwòrán kan lára rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Kò mọ́lẹ̀ dáadáa. Mi ò gba kọ́bọ̀.

Oníkọ̀ǹpútà Ìdí-Àbà
Ẹ̀gbọ́n Kútọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ wọ inú ráútà yín lónìí, ẹ wá DHCP reservation, ẹ so nọ́ńbà IP kan pàtó mọ́ MAC address NAS, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ẹ̀rọ náà bá wá láti ilé iṣẹ́. Bí iná bá lọ nígbà ọgọ́rùn-ún, nọ́ńbà yẹn ò ní yẹ̀. Kí NAS sì máa fi ímeèlì ránṣẹ́ sí yín láràárọ̀, ì báà yọrí, ì báà kùnà. Ọjọ́ tí ímeèlì ò bá dé, ẹ dìde lọ wò ó.

Àbúrò FUNAAB, ra UPS kékeré, bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró bí iná bá lọ, fi wáyà USB so ó mọ́ NAS. Bí bátìrì bá fẹ́ tán, NAS á pa ara rẹ̀ jẹ́jẹ́. Nínú Task Scheduler ti Windows, ibi tí a ti ń ṣètò iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà máa ṣe fúnra rẹ̀, fi àmì sí "Run task as soon as possible after a scheduled start is missed". Bí òru bá kọjá láìsí iná, á ṣe é nígbà tí o bá tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀.

Lọ́yà Ìbàrà
Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè. Ó gba áńbọ́ọ̀mù, ó sanwó, iṣẹ́ ti parí. Ta ló ní kí ayàwòrán máa tọ́jú ìyókù? Ẹ kọ ọ́ sínú rìsíìtì: ọdún kan, ó tán.

Ìyá Ìbejì Àsẹ̀rò
Ọdún kan kẹ̀! Ta ló mọ ọdún tí ìyá òun máa kú?

Ayàwòrán Pánṣẹ́kẹ́
Òótọ́ lẹ sọ mà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tiwa náà. Ìgbéyàwó kan tí a bá yà ní RAW, fáìlì ńlá tó wá tààrà láti inú kámẹ́rà, lè gba 60 GB. Disk 4 TB méjì tí ọ̀kan jẹ́ dígí èkejì, tí ohun tó bá wọ ọ̀kan á wọ èkejì, nǹkan bí ìgbéyàwó 66 ló máa gbà, ó kún. Ta ni yóò ra disk tuntun? Èmi ń gba owó ìtọ́jú lọ́dọọdún. Ẹni tó bá san án, tirẹ̀ wà.

Ìyá Ìbejì Àsẹ̀rò
Ó dáa. Àmọ́ ẹ sọ ọ́ fún oníbàárà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe lọ́jọ́ tó ń sunkún.

Aládìrẹ Ìtòkú
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ dígí yẹn, torí òun ló pa mí lẹ́kún. Mo rò pé disk méjì, ẹ̀dà méjì nìyẹn. Mo ti ya àwòrán àwọn aṣọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ìyá mi àgbà sínú kọ̀ǹpútà, Ìbàdàndùn, Olókun, àtàwọn kan tí mi ò mọ orúkọ wọn. Àbúrò mi bá mi ṣètò robocopy, àṣẹ Windows tó ń da fáìlì kọ, pẹ̀lú /MIR kó máa ṣiṣẹ́ lálaalẹ́. Lọ́jọ́ kan mo ṣèèṣì pa fọ́dà náà rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó di alẹ́, robocopy rí i pé kò sí níbí mọ́, ó bá pa á rẹ́ lórí NAS náà. Disk méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà! A ti ń ya àwọn aṣọ náà lákọ̀tun, ṣùgbọ́n a ti ta mẹ́ta nínú wọn.

Bàbá Oníwèé Sàpọ́n
Ẹ tà á? Aṣọ ìyá àgbà?

Aládìrẹ Ìtòkú
Owó ilé ìwé ọmọ ni, bàbá.

Bàbá Oníwèé Sàpọ́n
Ó yé mi, ọmọ mi. Má bínú.

Oníkọ̀ǹpútà Ìdí-Àbà
Mà, ohun tí /MIR wà fún nìyẹn: ohun tí kò bá sí níbí, á yọ ọ́ lọ́hùn-ún. Ẹ tan snapshot lórí NAS, tó ń pa bí fáìlì ṣe wà ní àkókò kan mọ́, kí fọ́dà tí a pa lónìí ṣì wà nínú ti àná. Lórí NAS ilé iṣẹ́ Synology, Btrfs, ètò tí disk fi ń to fáìlì, ló ń jẹ́ kó ṣeé ṣe, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ní in, ẹ wò ó kí ẹ tó rà.

Bàbá Oníwèé Sàpọ́n
Kí ẹ má sì ṣí i sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní January 2022, fáírọ́ọ̀sì DeadBolt wọ àwọn NAS ilé iṣẹ́ QNAP tó wà ní gbangba, ó ti fáìlì wọn pa, ó ń béèrè bitcoin 0.03 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà kẹta tèmi wà lórí disk kan tí mi ò fi sílẹ̀ nínú wáyà, ilé ọmọ mi ní Láfẹ́ńwá ló ń gbé. Bí olè bá gbé NAS, disk méjèèjì ló gbé.

Awọnlẹ̀ Òkè-Ìlèwó
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti so nọ́ńbà IP mọ́ ọn. Àkọ́kọ́ tí a ṣe lórí Wi-Fi kò tán títí ilẹ̀ fi mọ́. A fi wáyà ṣe é, ó tán kí a tó jẹun ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ni mo yọ fọ́dà ilẹ̀ Adátán kúrò lórí kọ̀ǹpútà mi, mo sì gbà á padà láti inú NAS. Gbogbo máàpù ló ṣí. Mo wo tàwọn tó kù: ti akọ̀wé wa kò ní ẹ̀dà kankan rárá. Aago 2 òru, ó ti wà ní sleep.

Oníkọ̀ǹpútà Ìdí-Àbà
"Wake the computer to run this task". Ojú ìwé Conditions ló wà.

Ìyá Ìbejì Àsẹ̀rò
Ayàwòrán Kútọ̀, ìyá mi máa pé 80 ní December. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó yà wọ́n. Màá san owó ìtọ́jú náà, ẹ kàn sọ iye rẹ̀ fún mi.