Afẹ́fẹ́ inú ọmọ kì í jẹ́ ká sùn lóru, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àkọ́bí: Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ kú ilé o. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé tí mo bímọ, òun sì ni àkọ́bí mi. Lójú ọ̀sán, ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n tí aago mẹ́wàá alẹ́ bá ti lù báyìí, wàhálà dé. Á ká ẹsẹ̀ mọ́ ikùn, á di ẹ̀ṣẹ́, ojú rẹ̀ á pupa fòò, á wá figbe ta títí di nǹkan bí aago méjì òru. Inú rẹ̀ á le bí awọ ìlù. Tó bá só tàbí tó gùnfẹ̀, ara á tù ú díẹ̀, kò ní pẹ́ tí á tún bẹ̀rẹ̀. Ọmú ló ń mu, àfi ìgò wàrà kan tí bàbá rẹ̀ máa ń fún un lálẹ́ kí n lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Ó ń sanra, ó sì ń tọ̀ dáadáa. Ìyá mi ní kí n máa fún un ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, aládùúgbò ní gripe water, oògùn olómi tí wọ́n ń fún ọmọ nítorí inú rírun, ni. Mi ò mọ ti ẹni tí mo máa gbọ́. Kí n má parọ́, lánàá, èmi àti ọmọ la jọ sunkún.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ewu ọmọ o, ẹ sì kú àìsùn. Ìgò alẹ́ yẹn ni mo fura sí. Báwo ni bàbá ṣe ń fún un?

Ìyá Àkọ́bí: Wọ́n máa ń dùbúlẹ̀ ni, ọmọ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó ti rẹ àwọn náà.

Ìyá Ìbejì: Mo mọ̀! Ọmọ tó bá mu wàrà ní ìdùbúlẹ̀, wàrà àti afẹ́fẹ́ ló jọ ń mu. Ìyẹn nìkan kọ́, ó lè pá a lórí. Kí wọ́n jókòó, kí orí ọmọ ga ju ikùn rẹ̀ lọ, kí wọ́n sì gbé ìdí ìgò sókè débi tí wàrà á fi kún rọ́bà tó ń fà. Kí wọ́n yẹ ihò rọ́bà náà wò pẹ̀lú. Tó bá tóbi jù, ọmọ á máa sáré gbé e mì. Tó bá kéré jù, á máa fi agbára fa afẹ́fẹ́. Tó bá sì jẹ́ wàrà oníyẹ̀fun lẹ̀ ń pò, ẹ jẹ́ kí ìfófòó rẹ̀ rọlẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e sí i lẹ́nu. Tiyín kàn ń ké ní ẹyọ kan ni o. Méjì ni tèmi, wọ́n sì máa ń gbè é fún ara wọn.

Abiyamọ Mẹ́rin: Ẹ má dúró dìgbà tó bá yó tán kẹ́ ẹ tó mú un gùnfẹ̀. Ẹ dá a dúró láàárín, tàbí kẹ́ ẹ ṣe é nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa ọmú dà. Ọmọ kan wà tó jẹ́ pé orí èjìká ló ti máa gùnfẹ̀, ẹlòmíì àfi kẹ́ ẹ dà á dojú bolẹ̀ lórí itan. Ẹ̀kẹta tèmi, ìjókòó ni. Màá gbé e sórí itan, màá fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n rẹ̀ ró (kì í ṣe ọ̀fun o), kó tẹ̀ síwájú díẹ̀, màá wá máa fi ọwọ́ kejì pa á lẹ́yìn láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Tí ìṣẹ́jú mélòó kan bá kọjá tí kò gùnfẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ di ogun.

Nígbà tó bá ń mu ọmú, ẹ tẹ́tí sí i. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ tọ́tọ́tọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò gbá a mú dáadáa. Kì í ṣe orí ọmú nìkan ló yẹ kó wà lẹ́nu rẹ̀, kó kó ibi dúdú tó yí i ká mọ́ ọn. Ní ìrọ̀lẹ́, kó tó di àkókò ẹkún, ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú kẹ́ ẹ máa yí i bí ẹni ń wa kẹ̀kẹ́. Ẹ sì lè fi ọwọ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ pa á níkùn bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Àmọ́ kì í ṣe lẹ́yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aṣọ yín lá gba gbogbo rẹ̀.

Ìyá Tọkàntọkàn: Ẹ dà á dojú bolẹ̀ kó sùn. Bí tèmi ṣe sùn nìyẹn, afẹ́fẹ́ náà á jáde fúnra rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí: Ẹ jọ̀ọ́, ìyá wa, ẹ má fi ìyẹn lélẹ̀ fún wọn. Tó bá lajú sílẹ̀, tí a sì ń ṣọ́ ọ, ó lè dojú bolẹ̀. Tó bá di oorun, ẹ̀yìn ni kó fi lélẹ̀, lórí ibùsùn tó le tó sì tẹ́jú, láìsí ìrọ̀rí. Àwọn ọmọ tó ń dojú bolẹ̀ sùn ni ikú òjijì ojú oorun máa ń pa jù. Ẹ má sì gbé e sùn lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, bó ti wù kó rẹ̀ yín tó.

Ní ti omi, rárá. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò nílò rẹ̀. Ikùn rẹ̀ kéré, omi á gba àyè wàrà. Oyin kò gbọ́dọ̀ kàn án lẹ́nu kó tó pé ọdún kan. Gripe water, kò sí ẹ̀rí tó dájú pé ó ń ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo oògùn èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà.

Ohun tẹ́ ẹ ṣàpèjúwe jọ èyí tí wọ́n ń pè ní colic, ìyẹn ẹkún àsunjù ọmọ tí ara rẹ̀ le. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 ló máa ń bẹ̀rẹ̀, á le jù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, á sì máa lọ sílẹ̀ ní oṣù 3 sí 4. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kó tún le díẹ̀ kó tó rọ̀. Nígbà míì, afẹ́fẹ́ kọ́ ló ń fa ẹkún o. Ẹkún ló ń mú kó gbé afẹ́fẹ́ mì.

Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá tí ara rẹ̀ bá gbóná tó 38°C, tó bá ń bì omi aláwọ̀ ewé, tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tó bá kọ ọmú, tí àwújẹ̀ rẹ̀ bá jìn wọnú, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ bá dínkù. Ẹ bọ́ ọ sí ìhòòhò náà kẹ́ ẹ yẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Fọ́nrán irun lè ti wé mọ́ ọn.

Bàbá Ọlọ́mọbìnrin: Èmi ò ní sọ̀rọ̀ ikùn, ìyá ọmọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ pín òru yẹn sí méjì. Nílé wa, ìyàwó mi ń sùn láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀gànjọ́, èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó di ọ̀gànjọ́, a yí i. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ ké débi pé mo gbọ́ bí ọwọ́ mi ṣe ń le lára rẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sínú ibùsùn rẹ̀, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo jáde síta fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹkún kò ní pa á. Mímì jìgìjìgì lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, ó tiẹ̀ lè pa á. Ojú ṣì ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ mo sọ ọ́.

Ìyá Àkọ́bí: Ẹ ṣeun, bàbá. Mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá Àkọ́bí *(lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án)*: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá rẹ̀ ti ń jókòó fún un ní ìgò báyìí, ìjókòó lórí itan ló sì bá tiwa náà mu, ó ń gùnfẹ̀ bí àgbàlagbà. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó ṣì ń ké o, àmọ́ kì í kọjá ọ̀gànjọ́ mọ́. Ìyá mi bínú nípa ọ̀rọ̀ omi, wọ́n ti ń rọ̀. Òru àná, wákàtí mẹ́ta gbáko ni mo sùn láìjí. Nígbà tí mo jí tí gbogbo ilé dákẹ́, ẹ̀rù ló bà mí, mo sáré lọ tẹ́tí sí i bóyá ó ń mí.