Ẹ má pè é ní ìyàgàn, ẹ má sì fi àtọ̀gbẹ ṣáájú

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú làálàá. Mo ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹ dábàá fún ìwé ìlera àwọn obìnrin: "ìyàgàn" fún ìgbà tí obìnrin ò rí nǹkan oṣù mọ́, "dídà oúnjẹ" fún iṣẹ́ tí ara ń fi oúnjẹ ṣe, àti "àtọ̀gbẹ" fún ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan.

Àgàn ni ẹni tí kò bímọ rí. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin tó ti ń pọn ọmọ-ọmọ ní Adó-Èkìtì, èpè ni yóò ka ìyàgàn sí. Ẹnìkan ní ká pè é ní "ìdúró nǹkan oṣù". Ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n bí nǹkan oṣù ìyàwó ilé bá dúró, oyún ni gbogbo ilé máa kọ́kọ́ rò. "Ìkásẹ̀ńlẹ̀ nǹkan oṣù" ni tèmi. Oṣù 12 gbáko gbọ́dọ̀ kọjá kí dókítà tó gbà pé ó ti parí, ọ̀rọ̀ yìí sì gbé ìparí náà dáadáa. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, tó ń wá lónìí tó ń fo oṣù méjì, àwọn ìyá wa ní ó ń ṣe ségesège. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti "dídà oúnjẹ", inú ikùn àti ìfun nìkan ni oúnjẹ ti ń dà. Lẹ́yìn tó bá dà tán ni ara ń pinnu èyí tó máa fi ṣe agbára, èyí tó máa fi tún ara ṣe àti èyí tó máa tọ́jú bí ọ̀rá. "Ìṣàmúlò oúnjẹ lára" ló kó gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Àtọ̀gbẹ ló dùn mí jù. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń ta iṣu ní Adó, ó ti lé ní 50. Ó ró ìró rẹ̀ níwájú mi: etí aṣọ tó máa ń dé ìbàdí òsì tẹ́lẹ̀ ò kọjá ìdodo mọ́. Ìdí ò kún, itan ò kún, ikùn nìkan ni. Iyán ló ń dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí nǹkan oṣù bá ń parí, tí ẹ́sítírójìn, họ́mónù obìnrin, bá ti dínkù, ọ̀rá tó máa ń lọ sí ìdí àti itan tẹ́lẹ̀ máa ń kó sí ikùn, ara kì í sì gbọ́ ti ínsúlìn, họ́mónù tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, bíi tàtẹ̀yìnwá. Wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láàárọ̀ kó tó jẹun, nígbà méjì: 138 mg/dL, lẹ́yìn náà 134. Bó bá ti tó 126 ni wọ́n ti ń pè é ní àìsàn. Nọ́ọ̀sì ní àtọ̀gbẹ ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rẹ́rìn-ín: "Ọmọ mi, ibo lo ti rí i pé mo gbẹ? Ṣé mò ń tọ̀ kiri ni?" Ó délé, kò lo oògùn kankan fún bí ọdún kan.

Mi ò lè bínú sí i. Ìtọ̀ àti gbígbẹ ni etí rẹ̀ gbọ́, kò sì rí méjèèjì lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àìsàn yìí lè wà lára fún ọdún púpọ̀ láìṣe àmì kankan. Ẹ jẹ́ ká kọ "ṣúgà ẹ̀jẹ̀ tó ga" ṣáájú, ká wá fi àtọ̀gbẹ tì í lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, torí òun ni rédíò ti mọ́ gbogbo ènìyàn lára.

Ẹ̀yin ará Ìkọ̀lé àti Ìjerò, kí ni àwọn ìyá yín ń pe ikùn tó ń yọ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá parí? Ẹ kọ ọ́ wá bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ gan-an.