Ta ni ó yẹ kí ó ra irinṣẹ́: ọ̀gá ni, tàbí oníṣẹ́ ọwọ́?

Káfíńtà Lágere: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ní oṣù tí ó kọjá, agbaṣẹ́ṣe kan gbà mí sí iṣẹ́ òrùlé, ó sì ní òun yóò máa san owó fún mi ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo gbé ayùn, òòlù àti ìfági mi lọ, nítorí pé kò sí káfíńtà tí í lọ síbi iṣẹ́ lọ́wọ́ òfìfo. Ẹ̀rọ tí a fi ń lu ihò ni n kò ní, òun ni ó sì mú un wá. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀rọ náà rú èéfín, ó sì kú mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí ó di Sátidé, ó yọ owó ẹ̀rọ náà kúrò nínú owó iṣẹ́ mi, ó wá kù díẹ̀ kí n jẹ ẹ́ ní gbèsè. Báwo ni ẹ̀yin ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ tiyín?

Bíríkìlà Modákẹ́kẹ́: Ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù.

Aránṣọ Ìrẹ́mọ: Bàbá bíríkìlà, káfíńtà kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, èmi ni mo ni ẹ̀rọ ìránṣọ, abẹ́rẹ́ àti òwú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ mú sísọ́ọ̀sì tirẹ̀ wá. Kì í ṣe ahun ni mò ń ṣe. Mo ra sísọ́ọ̀sì mẹ́ta fún wọn nígbà kan, wọ́n sì fi ń gé ìwé, wọ́n fi ń gé ọ̀rá, títí tí kò fi lè gé áńkárá mọ́. Láti ọjọ́ tí kálukú ti ń ra tirẹ̀, inú àpò ni wọ́n ń fi pamọ́ sí, bí ẹni pé wúrà ni.

Mẹkáníìkì Sábó: Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n káfíńtà, ẹ̀rọ kì í ṣàdédé rú èéfín. Iná wo ni ẹ fi ṣiṣẹ́?

Káfíńtà Lágere: Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni, òun náà ni ó sì gbé e wá. Wọ́n fi ń fa omi fún àwọn bíríkìlà ní àkókò kan náà.

Mẹkáníìkì Sábó: Ó ti yé mi. Iná náà kò tó, ẹ̀rọ sì ń tiraka títí tí wáyà inú rẹ̀ fi jó. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ni ó pa ẹ̀rọ rẹ̀.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì, Iléṣà: Ẹ jẹ́ kí n fi òfin kún un. Abala karùn-ún òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan ọ̀gá jẹ́, tàbí tí ó fi àìbìkítà bà á jẹ́, ọ̀gá lè yọ ìwọ̀n owó tí ó bójú mu, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ti ẹni tí ń gba owó ọ̀sẹ̀ lábẹ́ ọ̀gá ni mò ń sọ o. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ dá iye lé gbogbo òrùlé náà, tí ẹ sì gbà á ṣe fúnra yín, ọ̀rọ̀ yí padà.

Bíríkìlà Modákẹ́kẹ́: Ṣé ìgbà tí mo bá ń wá òṣìṣẹ́ ìjọba kiri Òṣogbo ni n ó máa mọ ilé?

Àgbẹ̀ Kòkó: Lóko wa, ọ̀rọ̀ yìí kò le. Alágbàṣe ni yóò mú àdá tirẹ̀ wá. Èmi ni mo ni akọ́rọ́ tí a fi ń ká kòkó, ẹ̀rọ tí a fi ń fọ́n oògùn, ìbọ̀wọ́ àti ohun tí a fi ń bo imú, mo sì ń fún wọn ní oúnjẹ. Mo tún ń fún wọn ní fáìlì tí wọ́n ó fi pọ́n àdá.

Alágbàṣe Ìfẹ̀wàrà: Fáìlì kan fún ènìyàn mẹ́rin ńkọ́, Bàbá? Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ẹni tí ó jọ yín ni.

Àgbẹ̀ Kòkó: Ẹ̀yin mẹ́rin kò lè pọ́n àdá lẹ́ẹ̀kan náà!

Alágbàṣe Ìfẹ̀wàrà: Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ̀yin náà nìyẹn.

Ọmọ Ifẹ̀: Irin Ògún Ládìn tí ó wà láàfin Ọọ̀ni, irin alágbẹ̀dẹ Odùduwà ni àwọn àgbà pè é. Ṣé Odùduwà ni ó rà á fún un, tàbí alágbẹ̀dẹ ni ó gbé e wá?

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì, Iléṣà: Ará Ifẹ̀ kò lè rí owó ẹ̀rọ kí ó má mú Odùduwà wọ̀ ọ́.

Aránṣọ Ìrẹ́mọ: Ẹ dúró ná, ẹ̀yin ọkùnrin. Ẹ̀rọ tí ó kú náà dà? Ẹni tí ó bá ti san owó nǹkan ni ó ni ín.

Káfíńtà Lágere: Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó wà, Ìyá. Mo gbọ́ pé ó ti gbé e fún àwọn tí ń wé wáyà ẹ̀rọ, wọ́n ti tún un ṣe, ó sì ti ń fi ṣiṣẹ́ níbòmíràn.

Mẹkáníìkì Sábó: Háà! Ó gba owó ẹ̀rọ, ó tún ń lo ẹ̀rọ?

Aránṣọ Ìrẹ́mọ: Ẹ lọ gbé ẹ̀rọ yín lọ́la, kí ẹ sì gba owó ìyálò ọjọ́ tí ó fi lò ó.

Bíríkìlà Modákẹ́kẹ́: Bí ẹ bá ti gbà á, ẹ gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Mo ní ihò mẹ́ta tí mo fẹ́ lù.