Ẹ gbà mí lọ́wọ́ báyọ́lọ́jì ọmọ yìí o

Ìyá Àdùnní, Mararaba

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà l'Ábùjá àti gbogbo Òkè Ọya. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, inú ló ń bí mi.

Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń náwó lórí báyọ́lọ́jì ọmọ mi obìnrin. Mo gba tíṣà lẹ́sìn fún un. Ọkùnrin náà kì í gbàgbé owó oṣù rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá dé, omi tútù ló kọ́kọ́ máa béèrè, lẹ́yìn náà, kí n tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ ṣáà mọ iye tí wọ́n ń ta epo. Lándílọ́ọ̀dù wa sì ti já wáyà iná yàrá wa nítorí owó omi tó ní mo jẹ òun, tí mi ò jẹ ẹ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn. Bàbá ọmọ náà wà ní Kánò, kó ṣáà pè lálẹ́: "Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi máa ṣe o!" Nọ́ọ̀sì ibo? Ọmọ tí kò mọ ìyàtọ̀ mitosis sí meiosis, ọ̀nà méjì tí sẹ́ẹ̀lì ara ń gbà pín!

Mo ṣí nóòtù rẹ̀ lánàá. Ó ya kíndìnrín, àwòrán náà dára. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tó ti inú kíndìnrín wá sínú àpò ìtọ̀, "urethra" ló kọ sí i dípò "ureter". Èyí tí ìtọ̀ ń gbà bọ́ síta, "urethra" náà ló tún kọ. Mo ṣí ojú ewé, ó ní mitosis ló ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin ti ń jáde. Èmi náà ka sáyẹ́ǹsì ní Ọ̀fà, mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo bi í, ó ní ohun tí tíṣà kọ sí bọ́ọ̀dù nìyẹn. Ó ń parọ́ mọ́ tíṣà!

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé ó mọ̀ ọ́n. Tí mo bá jókòó tì í, tí mo ka ìwé sí i létí, wàrà-wàrà ló ń dáhùn. Kó wá dá ìwé kà fúnra rẹ̀, á gbé e sún mọ́ imú bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀. Kò ní pẹ́, á ní orí ń fọ́ òun. Àgídí ni. Báwo lẹ̀yin ṣe ń bá àwọn ọmọ yín ṣe àtúnyẹ̀wò fún ìdánwò? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí n gba tíṣà mìíràn.

Bàbá Ìbejì, Kubwa

Ẹ gba tíṣà mìíràn.

Ọmọ Ìlọrin, Sùlèjà

Ẹ kú ìnáwó, Ìyá Àdùnní. WAEC ni àbí NECO àbí JAMB? SS kélòó ló wà? A ti gbọ́ ti lándílọ́ọ̀dù, a ò gbọ́ ìyẹn.

Alhaja Sábó, Kánò

Wallahi, ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí àkọ́bí mi. Ilé ìwé ò wù ú, àfi báyọ́lọ́jì. Nígbà tó fẹ́ gbéyàwó, genotype AS ni òun, AS ni ọmọbìnrin náà. Àwa àgbà ní kò burú, tí wọ́n bá bí mẹ́rin, ẹyọ kan ló máa jẹ́ SS, ìyẹn fòníkú-fọ̀ladìde, kí wọ́n bí mẹ́ta kí wọ́n dúró. Ọmọ yìí mú bírò, ó ya àpótí mẹ́rin síwájú gbogbo wa: AA kan, AS méjì, SS kan. Ó ní, "Màmá, oyún kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Àkọ́bí lè jẹ́ SS, kí èyí tó tẹ̀ lé e tún jẹ́ SS." Gbogbo pálọ̀ dákẹ́. Wọn ò fẹ́ra mọ́, kálukú ti ní ìdílé tirẹ̀ báyìí. Kí Àdùnní ka genetics, ẹ̀kọ́ ohun tí ọmọ ń jogún, dáadáa o.

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì, Gwagwalada

Ẹ jẹ́ ká dá màmá yìí lóhùn. Ẹ má jẹ́ kó há ọ̀rọ̀ sórí, ẹ bi í pé kí niṣẹ́ mitosis àti ti meiosis. Egbò tó ń jinná, ọmọ tó ń ga: mitosis. Sẹ́ẹ̀lì kan di méjì, chromosome 46 ti ènìyàn, àwọn okùn tó gbé ohun tí a jogún, sì pé nínú ìkọ̀ọ̀kan. Meiosis ni ti ẹyin àti àtọ̀: 46 di 23, kí 23 ti bàbá àti 23 ti ìyá lè para pọ̀ di 46 lára ọmọ. Bí kò bá sí pé wọ́n pín in sí méjì, ọmọ á ní 92, ọmọ-ọmọ á ní 184. Ẹni tó bá mọ ìdí ọ̀rọ̀, kì í gbàgbé. Bákan náà ni ti ìtọ̀: kíndìnrín méjì la ní, ureter méjì ló tẹ̀ lé wọn, ojú àbájáde kan la ní, urethra kan.

Tó bá jẹ́ WAEC ni, kó mọ̀ pé nínú máàkì 200, practical nìkan ló ni 80. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ń kú sí. Pẹ́ńsù ni kó fi yàwòrán, kó má kun inú rẹ̀ dúdú, kó má jẹ́ kí ìlà kan kọjá lórí èkejì, kó kọ àkọlé. Kó fi rúlà wọn àwòrán, kó wọn ohun gidi, kó fi èyí tó gbẹ̀yìn pín èyí tó ṣáájú. Ìyẹn ni magnification, bí àwòrán ṣe tóbi tó sí ohun gidi. Máàkì ọ̀fẹ́ ni, wọ́n ń jù ú nù.

Bàbá Ìbejì, Kubwa

Tíṣà ti gbìyànjú. Kí n fi ti osmosis kún un. Gaàrí ni mo fi kọ́ àwọn tèmi. Bu gaàrí, da omi sí i, ó wú. Osmosis ti parí nìyẹn.

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì, Gwagwalada

Kò tíì parí o, Bàbá Ìbejì. Iná ti kan gaàrí, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti kú, awọ tó máa ń ṣe àṣàyàn ohun tó ń wọlé ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ara awọ yẹn ni omi gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó tó jẹ́ osmosis. Ohun gbígbẹ tó kàn fa omi mu ni, imbibition ni wọ́n ń pe ìyẹn. Kí Àdùnní ra Irish potato Jos méjì. Kó se ọ̀kan, kó fi ọ̀kan sílẹ̀ ní tútù. Kó bó wọn, kó gbẹ́ kòtò sáàárín méjèèjì, kó bu iyọ̀ sínú kòtò, kó wá gbé wọn sínú àwo tí omi díẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀. Bó bá fi máa di àárọ̀, omi á ti gba inú èyí tó wà ní tútù gòkè wá bá iyọ̀. Èyí tó sè ò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Kubwa

Ṣé gaàrí tí mo ń mu láti kékeré kì í wú ni?

Ọmọ Ìlọrin, Sùlèjà

Ó ń wú, ẹ jọ̀ọ́ sà. Wíwú kọ́ là ń jà lé lórí. Ìyá Àdùnní, ìdánwò wo?

Nọ́ọ̀sì, Karu

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Ìyá Àdùnní, ibo ló ń jókòó ní kíláàsì? Ó tó ìgbà wo tó ti ń gbé ìwé sún mọ́ imú?

Ìyá Bọ́lá, Zuba

Fóònù ni. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ó rí i bí báyọ́lọ́jì á ṣe wọlé. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò ní ìwà. Nígbà tiwa, àtùpà la fi ń kàwé, a sì yege.

Ìyá Àdùnní, Mararaba

Ìyá Bọ́lá, fóònù wo? Ọmọ mi ò ní fóònù, mo tọ́ ọmọ mi dáadáa.

SS3 ló wà, WAEC ni. Tíṣà, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ yẹn sí i létí ní ìsinsìnyí, bó ṣe sọ ọ́ padà fún mi nìyẹn. Ó tiẹ̀ ya àpótí AS ti Alhaja láìwo ibì kan. Ṣé ẹ rí i pé ọmọ yìí gbọ́n? Ó kàn fẹ́ kí n máa kàwé fún òun títí ayé ni. Ti Irish, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń tà á ní Mararaba kí ẹ tó ní kí n lọ gbẹ́ kòtò sí i.

Nọ́ọ̀sì, Karu

Ẹ ò dá mi lóhùn, màmá. Ibo ló ń jókòó?

Ìyá Àdùnní, Mararaba

Ẹ̀yìn pátápátá. Ó ga, tíṣà ní ó ń dí àwọn yòókù lójú. Kí ni ìjókòó kan báyọ́lọ́jì?

Nọ́ọ̀sì, Karu

Ó kàn án, màmá. Mitosis àti meiosis. Ureter àti urethra. Ẹ kọ wọ́n sára ògiri, kí ẹ lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ ó rí i pé wọ́n jọra. Ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran jìnnà, ó ń rí ìlà funfun lórí bọ́ọ̀dù, á wá máa méfò ohun tó wà níbẹ̀. Mi ò rò pé ó parọ́ mọ́ tíṣà. Ohun tójú rẹ̀ rí ló kọ. Ẹ ti fẹnu ara yín sọ ọ́ pé tó bá gba etí wọlé, kò ní ìṣòro.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un dúró sẹ́nu ọ̀nà, kó ka pátákó tó wà lódìkejì títì fún yín. Ẹ má sọ ọ́ sí i lẹ́nu.

Bàbá Ìbejì, Kubwa

Karọ́ọ̀tì ni kó máa jẹ láàárọ̀, láàárọ̀. Ojú á là.

Nọ́ọ̀sì, Karu

Karọ́ọ̀tì dára, sà, ó ń fún ara ní ohun tó fi ń ṣe vitamin A. Ẹni tí kò ní vitamin A tó, alẹ́ ni kì í ríran. Ti ọmọ yìí, tó bá jẹ́ ohun tí mo rò, ẹyinjú ló gùn ju bó ṣe yẹ lọ, àwòrán ń bọ́ síwájú retina, awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba àwòrán, dípò kó bọ́ sórí rẹ̀. Karọ́ọ̀tì ò lè ké ẹyinjú kúrú. Lẹ́ǹsì tó jinnú láàárín, tí wọ́n ń pè ní concave, ló ń tún un ṣe. Ó wà nínú sílábọ́ọ̀sì báyọ́lọ́jì tó ń kà yẹn.

Ìyá Àdùnní, Mararaba

Gíláàsì kẹ̀? Ọmọ ọdún 16? Kò sẹ́ni tó ń lo gíláàsì nílé wa, yálà nílé bàbá rẹ̀ tàbí tèmi. Kí wọ́n wá máa pè é ní olójú mẹ́rin? Tó bá tó ilé ọkọ ńkọ́, ṣé Nọ́ọ̀sì lá bá mi wá ọkọ?

Alhaja Sábó, Kánò

Kai! Ìyá Àdùnní, ọkọ ni ẹ ń wá àbí WAEC? Gíláàsì ni ìyàwó ọmọ mi ń lò, ó lẹ́wà, ó sì ti bímọ méjì. Ẹ lọ ṣe ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe.

Ìyá Bọ́lá, Zuba

Mo ṣì ń sọ ọ́ o, fóònù wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá Àdùnní, Mararaba

Mo ti dé. Kẹ́míìsì kan wà lódìkejì wa, lẹ́tà pupa ni wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀, ó tóbi débi pé ọlọ́kadà tó ń sáré kọjá ń kà á. Mo mú Àdùnní dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ní kó ka pátákó yẹn fún mi. Ó ní, "Màmi, pátákó wo?"

Mo ní ṣé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ó ní òun rò pé bí gbogbo ènìyàn ṣe ń rí i nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ gbogbo rẹ̀ ká lè mọ ibi tí a wà. Ní SS2, àwọn kan wá yẹ ojú wọn wò nílé ìwé, wọ́n fi lẹ́tà rán an sí mi pé kí n mú un lọ sí ọ́síbítù. Mo rò pé ọ̀nà àtigbowó ni. Ilé ìwé yẹn ti gba owó kọ̀ǹpútà tí a ò rí, ó ti gba owó ẹ̀kọ́ odò wíwẹ̀ níbi tí kò sí odò. Kí ẹnikẹ́ni má bú mi o. Ẹni tó bá ń san owó ilé ìwé lágbègbè Àbújá yìí mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọmọ Ìlọrin, Sùlèjà

Láti SS2! Lẹ́tà wà lọ́wọ́ yín láti SS2, ẹ wá ń bá tíṣà lẹ́sìn jà nítorí omi tútù!

Bàbá Ìbejì, Kubwa

Ẹ fi obìnrin náà sílẹ̀. Wọ́n ti gba owó "ìlera" lọ́wọ́ èmi náà rí tó jẹ́ pé tàmọ́mítà kan ni wọ́n gbé wá. Ta ló máa mọ̀ pé tọ̀tẹ̀ yìí kì í ṣe irọ́?

Nọ́ọ̀sì, Karu

Ìjà ò kan ọmọ náà. Màmá, ẹ mú un lọ sí ọ́síbítù ìjọba tó sún mọ́ yín tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú. National Eye Centre wà ní Kàdúná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń wá yìí ò tó ohun à ń rìnrìn àjò lé lórí. Ẹ má ra gíláàsì tí wọ́n ń gbé kiri nínú gosiló Nyanya fún un o. Ti àgbà tí kò rí ìtòsí mọ́ ni wọ́n sábà máa ń tà, convex ni, èyí tó yọ ikùn láàárín, á tún dà á rú sí i. Kí ẹ sì lọ bá ilé ìwé kí wọ́n gbé e wá síwájú. Tó bá ga, kó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níwájú, kò ní dí ẹnikẹ́ni.

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì, Gwagwalada

Kó má ka nóòtù yẹn mọ́ títí wọ́n á fi tún un ṣe, ohun tí kò tọ́ ló ń há sórí. Kó yá ti ọmọ tó ń jókòó níwájú, kó gbé ìwé tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó fi bírò pupa tún tirẹ̀ ṣe. Kó bẹ̀rẹ̀ láti sẹ́ẹ̀lì, kó bọ́ sí osmosis, kó wá gba ibẹ̀ dé kíndìnrín, torí ẹni tí kò mọ osmosis ò lè mọ bí kíndìnrín ṣe ń gba omi padà. Genetics ló kàn. Ecology, ẹ̀kọ́ àyíká, ò le, inú rẹ̀ lẹ ń gbé: Guinea savanna ni ọ̀dọ̀ yín, koríko gíga àti igi bí èyí tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú àti èyí tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí. Bàbá rẹ̀ wà ní Sudan savanna ní Kánò. Tó bá tún pè lálẹ́, kí Àdùnní bi í bí koríko ibẹ̀ ṣe ga tó àti oṣù tí òjò wọn ń bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Àdùnní, Mararaba

Bàbá rẹ̀ ti gbọ́, ó ní èmi ni mi ò tọ́jú ọmọ òun. Kó kọ́kọ́ fowó gíláàsì ránṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ni màá mú un lọ. Nọ́ọ̀sì, ṣé àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń gba káàdì, àbí mo lè kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù? Kí n mú lẹ́tà yẹn dání? Ó ṣì wà nínú àpò mi. Tíṣà, dípò Irish, ṣé ànàmọ́ lè ṣe é?

Nọ́ọ̀sì, Karu

Àárọ̀ kùtù ni. Ẹ má ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ mú lẹ́tà dání.

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì, Gwagwalada

Ànàmọ́ lè ṣe é. Iṣu náà lè ṣe é.

Bàbá Ìbejì, Kubwa

Gaàrí náà lè ṣe é.