Báwo ni ẹgbẹ́ họ́kì tuntun ṣe ń kó eléré jọ nínú expansion draft?

ỌmọYìnyín:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Nǹkan kan ń rú mi lójú nípa họ́kì orí yìnyín. Nígbà tí Vegas Golden Knights wọ NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Àríwá Amẹ́ríkà, lọ́dún 2017, àwọn eléré tí ẹgbẹ́ yòókù yọ sílẹ̀ ni wọ́n ṣà. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní expansion draft. Síbẹ̀, sáà àkọ́kọ́ ni wọ́n dé àṣekágbá Stanley Cup, ife líìgì náà! Òfin kan náà ni Seattle Kraken bá wọlé lọ́dún 2021, eré 27 péré ni wọ́n jẹ nínú 82. Ṣé oríire lásán ni ti Vegas?

BàbáGólì:
Àbúrò, ẹ̀rù tó ba àwọn ẹgbẹ́ yòókù ni, kì í ṣe oríire. Gbọ́ òfin náà ná. Ẹgbẹ́ 30 ló wà nílẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè dáàbò bo eléré iwájú 7, ẹ̀yìn 3 àti gólì (aṣọ́lé) 1, kí Vegas má lè mú wọn, tàbí kó mú ẹni 8 níbi tó bá wù ú, pẹ̀lú gólì 1. Àwọn ọmọdé tí kò tíì kọjá sáà kejì kò sí nínú ọ̀rọ̀. Nínú àwọn tó ṣẹ́kù, Vegas á mú ẹyọ kan lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mílíọ̀nù 500 dọ́là ni wọ́n san wọlé.

Ẹyọ kan yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ní eléré gidi mẹ́ta níta kò mọ èwo ni wọ́n máa gbé lọ, oorun ò ní kùn ún. Ló bá di pé wọ́n ń sáré bá George McPhee, alákòóso Vegas, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó má mú lágbájá, àwọn á fi nǹkan kún tàmẹ̀dò.

Wo Florida. Góólù 30 ni Jonathan Marchessault ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá wọlé fún wọn, wọ́n fi í síta, wọ́n ń dáàbò bo ẹ̀yìn mẹ́rin! Wọ́n tún fẹ́ bọ́ lábẹ́ àdéhùn ọdún márùn-ún tí wọ́n bá Reilly Smith ṣe, mílíọ̀nù 25 dọ́là. Ni Vegas bá kó àwọn méjèèjì, ohun tí wọ́n fi ra Smith kò ju àǹfààní ìpele kẹrin nínú draft 2018 lọ, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti ṣa ọ̀dọ́ eléré kan nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ bá ń pín àwọn ọmọ tuntun. Ọlọ́jà wo ló ń bẹ oníbàárà pé kó gba èènì tó ju ọjà lọ? Lọ́dún 2023, Florida yìí kan náà ni Vegas lù gba ife, Marchessault ló sì gba Conn Smythe, àmì ẹ̀yẹ eléré tó pegedé jù ní playoffs, ìdíje ife tó ń tẹ̀lé sáà.

ÌyáOníSíkéètì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pa oríire rẹ́ tán o. Góólù 6 ni William Karlsson gbá ní Columbus, ó dé Vegas, ó di 43. Ta ló rí ìyẹn tẹ́lẹ̀? Ẹ ò sì dárúkọ Marc-Andre Fleury, gólì Pittsburgh. Àdéhùn rẹ̀ ni pé wọn ò gbọdọ̀ fi í síta àfi bóun fúnra rẹ̀ bá gbà. Ó gbà, wọ́n sì tún fi àǹfààní ìpele kejì lé e. Gólì ni ilé.

BàbáGólì:
Ìyá wa, òótọ́ ni ti Karlsson. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, Columbus ló fi àǹfààní ìpele kìíní tì í lẹ́yìn kí Vegas lè bá wọn gbé àdéhùn David Clarkson tí ara rẹ̀ ò gba eré mọ́. Ẹ̀rù náà ni.

Nígbà tó fi máa kan Seattle, ojú ti là. Àwọn ẹgbẹ́ ní kí wọ́n kúkú mú ẹyọ kan lọ, àwọn ò san kọ́bọ̀. Kòrónà sì ti di gbèdéke owó tí ẹgbẹ́ kan lè san fún gbogbo eléré rẹ̀ mọ́ mílíọ̀nù 81.5 dọ́là lọ́dún. Montreal fi Carey Price, gólì wọn, síta, mílíọ̀nù 10.5 lọ́dún, Ron Francis, alákòóso Seattle nígbà náà, fojú fò ó, ó mú Cale Fleury. (Kò bá Fleury ti Vegas tan o.) Philipp Grubauer tí wọ́n rà wá ṣọ́lé, góólù ń wọ̀ ọ́ lára bí ẹni ń ṣeré. Sáà kejì ni wọ́n tó gbérí, wọ́n lé Colorado tó ni ife kúrò ní playoffs.

ỌmọYìnyín:
Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Ẹgbẹ́ Utah tó wọ NHL lẹ́yìn wọn ńkọ́, draft náà ni wọ́n ṣe?

BàbáGólì:
Rárá o. Àwọn eléré Arizona Coyotes ni wọ́n kó lódindi lọ́dún 2024. Kò sẹ́ni tó yọ ẹnì kankan sílẹ̀ fún wọn.