Ṣé ọmọlẹ́yìn ìwé ìròyìn ni wá ni, àbí adúrókà?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ lánàá, pé "ọmọlẹ́yìn" ni ká máa pe àwọn tó tẹ fọ́lò lójú òpó ìwé ìròyìn lórí Facebook. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yẹn ò bá mi lára mu rárá. Ọmọlẹ́yìn Jésù wà, ọmọlẹ́yìn olóṣèlú wà, ibi tí ọ̀gá bá yà sí làwọn náà ń yà sí. Èmi tí mo fọ́lò ìwé ìròyìn mẹ́rin láti Adó-Èkìtì níbí, tí mo sì ń bú méjì nínú wọn lójoojúmọ́, ta ló sọ mí dọmọ ẹ̀yìn wọn?

Facebook fúnra ẹ̀ gan-an, orúkọ tó ń pè wá ò dúró sójú kan. Fáànù la jẹ́ tẹ́lẹ̀, nígbà tó di 2010 ó ní ká máa tẹ láìkì, nígbà tó di 2021 ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láìkì yẹn kúrò, ó ní fọ́lò ló kù. Ṣé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti pa ọ̀rọ̀ dà làwa náà á máa sáré túmọ̀ ẹ̀ ni? Townsend tó tẹ Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta ní 1859, míṣọ́nnárì ni o, síbẹ̀ "ará" ló pe àwọn tó ń kọ̀wé sí.

Tèmi rèé. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, fẹ́ńdọ̀ kan wà nítòsí Fájuyì Park tó máa ń to ìwé ìròyìn sórí tábìlì láàárọ̀, á fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Bí ogún la ó ṣe rọ̀gbà yí i ká, a ó ka àkọlé, a ó jà lórí bọ́ọ̀lù, a ó jà lórí gómìnà, kò sẹ́ni tó máa yọ owó, bàbá yẹn á sáà máa pariwo "ẹ má fọwọ́ kàn án o!" Tó bá yá ẹnì kan á ra ẹyọ kan, àwa tó kù á wá máa yọjú kà á lọ́wọ́ ẹ̀. Kí ló wá yàtọ̀ báyìí? Ní ìdájí wọ́n á ti gbé fọ́tò ojúewé àkọ́kọ́ sórí Facebook, àkọlé gàdàgbà, línkì nísàlẹ̀, a ò ní tẹ línkì, ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Adúrókà nìyẹn. Ohun tí oníwèé ìròyìn sì ṣe, tí wọ́n ń pè ní póòsìtì, ó pàtẹ ni, kò "fi ránṣẹ́", torí ohun téèyàn fi ránṣẹ́ lórúkọ ẹni tó ń lọ bá, àmọ́ àtẹ, ẹni tó bá ń kọjá ló ni ín.

"Pín" tẹ́ ẹ sì ń lò fún ṣíà ò tẹ́ mi lọ́rùn, iyán tá a bá pín á dín kù, ìròyìn ń pọ̀ sí i ni. Ẹ jẹ́ ká lo "tàtaré" jàre. Bí ìròyìn Ọjà Ọba ṣe ń dé Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn, láti WhatsApp ẹbí bọ́ sí ti ṣọ́ọ̀ṣì, bọ́ sí tàwọn tá a jọ jáde sẹ́kọ́ńdìrì, ẹni tó máa kà á níkẹyìn ò fọ́lò ẹnikẹ́ni, òun gan-an sì ni òǹkàwé tuntun táwọn oníwèé ìròyìn ń wá.

Àbúrò mi ní ta ló ń dúró, pé orí bẹ́ẹ̀dì lòun ti ń kà á, nítorí náà "adùbúlẹ̀kà" ni. Mi ò dá a lóhùn.

Ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́ àti Ìjerò tẹ́ ẹ ṣì ń sọ "ulé" àti "uṣu", kí lẹ̀ ń pe ẹni tó ń yẹ ọjà wò tí kì í rà?