Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti forúkọ ẹgbẹ́ àánú sílẹ̀ lábẹ́ òfin, báwo ni tiyín ṣe rí?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn
Ẹ kú ilé o. Ọdún mẹ́fà la fi ń dáwó ilé-ìwé fún àwọn ọmọ opó láìní ìwé ìjọba kankan. Àkáǹtì tí màmá akápò wa fi ń ta aṣọ lowó náà ń wọ̀. Kò sẹ́ni tó kọminú, torí màmá náà kì í fọwọ́ kan kọ́bọ̀. Àfi bí wọ́n ṣe jáde láyé lójijì. Báńkì ti àkáǹtì pa. Àwọn ọmọ wọn ò mọ èwo ni tìyá àwọn, èwo ni tẹgbẹ́. Ìwé tí mò ń kọ gbogbo rẹ̀ sí ló gbà wá, síbẹ̀ oṣù méje ló gbà kí owó tó padà. Àwọn ọmọ mẹ́rin ti jókòó sílé nígbà yẹn.

Ìyẹn ló lé wa dé ọ̀dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹnìkan ní ká fi "National" sórúkọ wa kó lè dún létí àwọn olówó. Wọ́n dá a padà: òfin ò gba orúkọ tó máa jọ pé ìjọba ló ni ẹgbẹ́, àyàfi tẹ́ ẹ bá gbàṣẹ. Orúkọ kejì wọlé. Ọgọ́ta ọjọ́ péré ni wọ́n fi ń bá èèyàn tọ́jú orúkọ, ẹ má sùn lé e lórí.

Ìjà gan-an wà lórí trustee, ìyẹn àwọn tí òfin fi ẹgbẹ́ àti ohun ìní rẹ̀ sí lọ́wọ́. CAMA 2020, òfin tó ń darí ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, ní méjì ti tó, kí wọ́n ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, kí orí wọn pé, kí wọ́n má sì jẹ̀bi jìbìtì láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Gbogbo wa la fẹ́ wọlé. Màmá kan ní, "Ilé mi la ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wá fẹ́ yọ orúkọ mi?" La bá kọ èèyàn méje. Méjèèje ló ní láti lọ búra ní kóòtù, méjì sì wà l'Ékòó! Tó bá jẹ́ lónìí ni, mẹ́ta ni máa mú.

Lẹ́yìn náà ẹ ó gbé ìkéde pé ẹ fẹ́ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ sínú ìwé ìròyìn méjì, kí ọ̀kan jẹ́ èyí tí wọ́n ń kà káàkiri Nàìjíríà, ẹ ó sì dúró fún ọjọ́ 28 bóyá ẹnìkan máa takò yín.

Akọ̀wé, Abẹ́òkúta
Ìyá Ìbejì, ẹ kú àmúmọ́ra. Tiwa, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló sá. Wọ́n rò pé tá a bá ti gbàwé, a ó máa pín owó lópin ọdún bí àjọ. Mo ka òfin ẹgbẹ́ sí wọn létí pé owó ò ṣeé pín fún ọmọ ẹgbẹ́, iṣẹ́ tá a tìtorí ẹ̀ dá a sílẹ̀ nìkan ló wà fún. Méjìlá ò padà wá sípàdé mọ́.

Ìwé ẹ̀rí nìkan ò sì tó fún báńkì o. Wọ́n ní ká mú ti SCUML wá, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti àwọn tó ń fọ owó ìwà ọ̀daràn mọ́. Nígbà tá a gbọ́ pé abẹ́ EFCC ló wà, alága wa kọ̀, ó ní òun ò jalè! Ọ̀fẹ́ ni ìwé SCUML, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, London
Níbí, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni tiwa. Bí owó tó ń wọlé fún ẹgbẹ́ àánú bá ti ju £5,000 lọ́dún, dandan ni kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Charity Commission, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ẹgbẹ́ àánú ní England àti Wales. Tó bá jẹ́ CIO, irú ẹgbẹ́ àánú tí òfin kà sí ẹni tó dá dúró, dandan ni, iyekíye tó wù kó wọlé. Wọn kì í gba owó ìforúkọsílẹ̀. Àmọ́ ohun tá a kọ́kọ́ kọ ni "ìrẹ́pọ̀ àwọn ọmọ ìlú". Wọ́n bi wá pé kí làwọn ará ìta máa jẹ níbẹ̀? Òótọ́ ọ̀rọ̀, òwàḿbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ìṣirò wa. A tún un kọ: oògùn fún ilé ìwòsàn ìlú, ìwé fún àwọn ọmọ. Ó wọlé.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn
Ha, òwàḿbẹ̀ kẹ̀! Akọ̀wé, ẹ ti fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ sí CAC? Láti 30 oṣù kẹfà sí 31 oṣù kejìlá ni. Tiwa ṣì wà lórí tábìlì mi.